Ẹ Bá Wa Ka Edé Mọ́ Ohun Tó Wà Nínú Ọbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa

Ọdọọdún là ń gbọ́ ọ̀rọ̀ owó yíyá àti èrè orí owó níbí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yìí wọ́n ní kí àwa mẹ́rin sọ̀rọ̀ ìlera. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ kọ ọ́, ẹnì kan ló kàn ń kà á, nítorí náà bí ẹ bá ń gbọ́ “àwa, àwa,” ẹ má rò pé ìgbéraga ni.

Ohun tó pa àwa mẹ́rin pọ̀ ni pé ẹnì kan wà nínú ilé kálukú wa tí ara rẹ̀ kò gba edé. Mẹ́ta jẹ́ ọmọ, ọ̀kan jẹ́ ọkọ. Àlẹ́jì ni wọ́n ń pè é ní ọsibítù. A ti rí ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín níwájú níbẹ̀ yẹn. Edé lásán-làsàn! Àwa náà mọ̀ pé kò jọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé edé kì í fara hàn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹyin á rí ẹyin. Ẹni tí kò gba ẹja á rí orí ẹja nínú àwo. Ṣùgbọ́n edé tí a ti lọ̀ kúnná, ta ni yóò rí i? Ó wà nínú ẹ̀fọ́ rírò, ó wà nínú ẹ̀gúsí, ó wà nínú mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà, nínú àsáró, nínú ìkọ́kọrẹ́ àwọn ará Ìjẹ̀bú. Àwọn alásè kan tún ń bù ú sí ìrẹsì àríyá. Bí ẹ bá bi ìyá olóúnjẹ pé kí ló wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀, á ní ẹja, pọ̀ńmọ́, ṣàkì. Kò ní ka edé, bí kò ṣe ní ka iyọ̀. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Lójú tirẹ̀, edé kì í ṣe ohun tí à ń kà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Èròjà kan wà nínú edé tí àwọn dókítà ń pè ní tropomyosin. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn kò bá a jà. Ara ẹlòmíràn ń rò pé ọ̀tá ló wọlé, á sì gbé ogun dìde. Iná kì í pa èròjà yìí. Ẹ sè é, ẹ dín in, ẹ sá a sóòrùn, ó ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí “ó ti jiná dáadáa” kò fi jẹ́ ìdáhùn. Èròjà kan náà wà lára akàn àti ọ̀kàṣà, ẹlòmíràn sì wà tí kò lè jẹ ìgbín pẹ̀lú. Irú rẹ̀ tún wà lára aáyán, ṣùgbọ́n aáyán kò sí nínú ọbẹ̀ wa, a dúpẹ́. Ẹja yàtọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba edé lè máa jẹ ẹja láìséwu, bí ẹja gbígbẹ náà kò bá ti bá edé sùn nínú apẹ̀rẹ̀ kan náà. Ẹ̀yin elẹ́ja, ẹ mọ ohun tí à ń sọ.

Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn ọmọdé nìkan. Àgbàlagbà tó ti ń jẹ edé láti kékeré lè dédé rí i pé ara òun kò gbà á mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọkọ tí a dárúkọ níṣàájú. Gbogbo ẹbí ń sọ pé, “Ṣebí o ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀?” Ó ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Bí ti edé bá sì ti mú ènìyàn, kì í sábà fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé kí a máa bù ú fún un díẹ̀díẹ̀ kó lè mọ́ ọn lára, ewu ló ń pè.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa jẹ mọ́ínmọ́ín níbi ìsọmọlórúkọ. Ìyá rẹ̀ bèèrè kó tó fún un. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹyin nìkan ni. Kò pẹ́ rárá tí ètè ọmọ fi wú, tí gbogbo ara rẹ̀ lé bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ kiri, ó ń fi ọwọ́ fa ọ̀fun, ohùn rẹ̀ há, àyà rẹ̀ ń dún fíì fíì bó ṣe ń mí. Ẹnì kan ní ayé ló ń ṣe é. Ẹlòmíràn gbé epo pupa dé. Àlejò kan tó ní mọ́tò ló gbé wa lọ sọ́sibítù, abẹ́rẹ́ adrenaline tí wọ́n gún un ní itan ló sì dá ẹ̀mí rẹ̀ padà. Ẹni tó se mọ́ínmọ́ín náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó sunkún ju ìyá ọmọ lọ.

Ohun kan wà tó ń yà wá lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá dé ibi àsè tó ní, “Èèwọ̀ ìdílé wa ni èyí, a kì í jẹ ẹ́,” kò sí ẹni tí yóò fi ipá mú un. Wọn á gbé àwo rẹ̀ kúrò, wọn á wá nǹkan mìíràn fún un, wọn á tún máa bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ara mi ò gba edé,” wọn á ní àkẹ́jù ni, wọn á ní òyìnbó ti bà á jẹ́. Ṣé bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ ẹlòmíràn, a ò lè ṣe é fún ọmọ tí ọ̀fun rẹ̀ lè dí? Àwa mẹ́rin ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti sọ pé èèwọ̀ ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ju àlẹ́jì lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjà wá kù, ibẹ̀ gan-an la ń lọ. Ẹ̀rọ tí à ń lọ nǹkan gbígbẹ sí, òun náà ló ń lọ edé, òun ló ń lọ ẹ̀gúsí, òun ló ń lọ ata gbígbẹ. Tí ẹ bá lọ edé tán tí ẹ da ata tẹ̀ lé e, ata yẹn ti ní edé nínú. Agolo tí a fi ń wọn edé, tí a tún ń tì bọ ata, bákan náà ni. Kódà eruku edé nígbà tí à ń lọ̀ ọ́, tàbí ooru ọbẹ̀ tó ń hó, lè dà àwọn kan láàmú. Àwọn amọ́bẹ̀dùn inú páálí náà, ẹ máa ka ara wọn. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ẹ máa wá ni crayfish, shrimp àti prawn. Ẹ fún àwọn ọmọ yín kà bí lẹ́tà bá kéré jù.

Àwọn tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Lọ́dún 2016, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Natasha Ednan-Laperouse, ra búrẹ́dì kan ní pápákọ̀ òfurufú. Yànmọ̀tí, tí à ń pè ní bẹ́nísíìdì, wà nínú ìyẹ̀fun rẹ̀, wọn kò sì kọ ọ́ sára rẹ̀. Ọmọ náà kú. Láti oṣù October 2021, òfin ti wà níbẹ̀ pé oúnjẹ tí ilé ìtajà bá dì sílẹ̀ fún títà gbọ́dọ̀ ní gbogbo èròjà rẹ̀ lára. Ohun 14 ni òfin wọn ní kí a fi hàn ketekete, edé àti akàn wà nínú rẹ̀. Ata tí ẹ lọ̀ pọ̀ mọ́ edé, tí ẹ dì ránṣẹ́, ẹ kọ edé sára rẹ̀.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lójú yín ńkọ́? Ẹ má fi ohunkóhun rọ ẹni tí kò lè mí dáadáa, ì báà jẹ́ epo, mílíìkì tàbí àgbo. Piriton lè dín yíyún ara kù, kò lè ṣí ọ̀fun tó ń dí. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. Bí mímí bá nira fún un, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ má fà á dìde kó máa rìn. Ọsibítù ni tààrà, kí ẹ sì sọ fún wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé oúnjẹ ló ṣe é, nítorí abẹ́rẹ́ adrenaline yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gún un. Bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, ẹ má yára gbé e lọ sílé, ó lè tún dìde lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Kì í sì í ṣe gbogbo ara yíyún ló jẹ́ ti edé. Dókítà ni kó yẹ̀ ẹ́ wò, kí a má lọ fi ẹ̀bi kan edé lásán.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí oníbàárà bá bi yín pé ṣé edé wà níbẹ̀, ẹ sọ òótọ́. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín ti ń se ti aláìledé ṣáájú, nínú ike. Ti eléédé ló ń dì sínú ewé lẹ́yìn náà. Ọjà rẹ̀ kò dín kù, irú ló fi ń mú ti ike ta sánsán, àwọn kan tí ara wọn gba edé dáadáa ti ń bèèrè ti ike.

Ìkòkò ẹ̀fọ́ méjì ló wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí fún àsè òní. Èyí tí a so aṣọ pupa mọ́ lọ́wọ́ ní edé. Èkejì kò ní in, ìgbakọ tirẹ̀ wà lórí ìdérí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa bu oúnjẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pààrọ̀ ìgbakọ o.