Owó Ẹyọ: Láti Ọjà dé Ara Ère

Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ jìnnà sí òkun. Báwo ni ìkarahun òkun ṣe di ọ̀ṣọ́ ní ilẹ̀ Èkìtì? Láti àwọn erékùṣù Maldives ni ọkọ̀ òyìnbó ti ń kó owó ẹyọ wá. Wọ́n a lu ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n a sì sín ogójì sórí okùn kan. Nígbà tí owó ìjọba òyìnbó gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1900, kò di ohun ìdánù. Ẹ̀yìn tí a gé kúrò ni ó ń jẹ́ kí ó jókòó pẹlẹbẹ lórí aṣọ. Ìdí nìyí tí oníṣọ̀nà fi ń rán an mọ́ ẹ̀wù ìbejì àti ilé orí. Ìkarahun kò níye lórí fúnra rẹ̀. Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di iyì.