Harshwanti Bisht: Iṣẹ́ Tó Bẹ̀rẹ̀ Lẹ́yìn Ṣóńṣó Òkè

Harshwanti Bisht ni a ó sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, ọmọ ilẹ̀ Garhwal ní ìpínlẹ̀ Uttarakhand, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Ní 1981, òun, Rekha Sharma àti Chandraprabha Aitwal ni obìnrin Íńdíà àkọ́kọ́ tó dé ṣóńṣó Nanda Devi, òkè tó ga tó 7,816 mítà. Ìjọba fi ẹ̀bùn Arjuna dá a lọ́lá, ẹ̀bùn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn eléré ìdárayá tó ta yọ. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ sábà máa ń fi àbọ̀ sí. Lójú tèmi, ohun tó ṣe lẹ́yìn tó sọ̀ kalẹ̀ ló yẹ ká fi mọ bí obìnrin náà ṣe tó.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tó lọ láti ìlú Gangotri dé Gaumukh, níbi tí odò Bhagirathi ti ń tú jáde lẹ́nu yìnyín, kó tó di odò Ganga. Ìrìn bíi kìlómítà 18 ni. Omi mímọ́ ni fún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, nítorí náà èrò kì í dá lójú ọ̀nà yẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Òtútù ibẹ̀ sì ń mú dé egungun. Nígbà kan rí, ẹni tó bá dé ibẹ̀ máa ń fẹ́ tíì gbígbóná àti oúnjẹ, àwọn tó ń tà á sì máa ń wá igi ìdáná. Igi bhojpatra ni wọ́n máa ń gé, igi tí èèpo rẹ̀ ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí àwọn ará àtijọ́ ń kọ̀wé sí kí bébà tó dé. Yìnyín ń bo ilẹ̀ náà fún oṣù púpọ̀ lọ́dún, igi ọ̀hún kì í sì í tètè dàgbà. Nígbà tó fi máa di 1989, igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Bhojbasa, ibi kan lójú ọ̀nà náà tó ga tó nǹkan bí 3,800 mítà. Ọdún náà ni Bisht dá ètò ìdáàbòbò Gangotri sílẹ̀. Òun àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń tọ́ ọmọ igi ní Chirbasa nísàlẹ̀, wọ́n sì ń lọ gbìn ín lókè.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ló kan olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé, tó tún di ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní Uttarkashi, nínú igi gbíngbìn? Ó kàn án gan-an. Ìrìn-àjò afẹ́ ní Garhwal wà lára ohun tó ṣe ìwádìí lé lórí. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń gé igi kì í ṣe ọ̀tá òkè. Oúnjẹ òòjọ́ ló ń wá. Òfin nìkan kò lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró, àfi kí ẹnì kan máa dá ohun tí wọ́n gé padà.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: odò yìnyín Gangotri ń yọ́ nítorí ooru tó ń gba gbogbo ayé, igi díẹ̀ kò sì lè dá a dúró. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìpalára méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti ọ̀nà jíjìn wá. Èkejì, ọwọ́ àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló ṣe é, àwọn tó ń gun òkè náà sì wà lára wọn. Èkejì yìí ni Bisht gbà gẹ́gẹ́ bí gbèsè. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tó ti gun òkè, tó ti gboyè lórí rẹ̀, ni irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ kàn.

Ní 2021, wọ́n yan Bisht ní ààrẹ àjọ àwọn agunkè Íńdíà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ oyè náà. Ọ̀dọ̀ àjọ yìí ni àwọn àlejò láti òkèèrè ti ń gba àṣẹ kí wọ́n tó gun àwọn òkè ńláńlá ibẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀: ẹni tó mọ iye tí òkè ń san nígbà tí èèyàn bá gùn ún ló yẹ kó jókòó sídìí àṣẹ.