Oògùn Ilé Olówó Pọ́ọ́kú àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ àjọ̀dún

A kò ní pẹ́ lórí ìdúró, torí a mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ fi ọmọ sí ìsọ̀ ti ń wo aago.

Ìgbìmọ̀ ló ní ká sọ̀rọ̀ lórí oògùn ilé, àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ tí a fi ń tọ́jú ara wa nígbà tí àìsàn kò tíì le. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Láti ọdún 2023 tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè, tí náírà sì já wálẹ̀, ẹni tó bá wọ kẹ́míìsì lónìí, orí ló máa ń mì jáde. Oògùn tí a ń rà tẹ́lẹ̀ láì bèèrè iye, a ti ń bẹ olùtajà pé kó gé káàdì rẹ̀ sí méjì fún wa. Àwa tí ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ wa náà rí i: àwọn tó ń yáwó nítorí aláìsàn ń pọ̀ sí i. Owó ọjà tó bá sì ti wọ ọsibítù, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í tètè padà sórí igbá.

Nítorí náà, a kò wá bú oògùn ilé níbí. Àwa náà ń lò ó. Ohun tí a wá sọ ni pé èyí tó dára nínú wọn ní òṣùwọ̀n, ó sì ní ọjọ́ tí a ó jáwọ́ nínú rẹ̀. Èyí tí kò ní òṣùwọ̀n, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé “tó bá di báyìí, ẹ gbé e lọ”, owó ńlá ni ìyẹn máa ń jẹ nígbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú ìgbẹ́ gbuuru ṣáájú, torí ó máa ń yára pa ọmọdé. Oògùn rẹ̀ wà nínú ilé ìdáná wa: omi, iyọ̀ àti ṣúgà. Àwọn kan ń rò pé ọgbọ́n àìlówó ni. Rárá o. Ní ọdún 1971, nígbà tí ogun ń jà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bangladesh lónìí, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn sá wọ Íńdíà, àrùn onígbáméjì sì bá wọn nínú àgọ́. Omi tí wọ́n ń fà sí ojú iṣan kò tó mọ́. Dókítà kan tó ń jẹ́ Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀, sódà àti ṣúgà glucose mọ́ omi, kí wọ́n máa bù ú fún àwọn aláìsàn mu. Nínú 100 tó dùbúlẹ̀, àwọn bí 30 ló ń kú tẹ́lẹ̀. Ó wálẹ̀ sí bíi 3 sí 4. Kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì nìkan ló ń fún wọn mu, àwọn ẹbí wọn ni: ìyá, ẹ̀gbọ́n, ọkọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nígbà tí inú bá ń ṣí, ìfun kì í lè gba omi lásán dúró. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà àti iyọ̀ bá jọ dé ibẹ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ, ṣúgà á fa iyọ̀ wọlé, omi á sì tẹ̀lé wọn. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ìgbẹ́ á tún pọ̀ sí i. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè fa gìrì fún ọmọ.

Ẹ bu omi mímu tó mọ́ lítà kan. Ọ̀rá piọ̀ wọ́tà tó bá jẹ́ 50cl, méjì rẹ̀ ló jẹ́ lítà kan, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí tíì wọn ṣúgà mẹ́fà sí i, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà dọ́gba. Iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì kan péré, òun náà kò gbọdọ̀ ga ju ṣíbí lọ. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Tó bá ti pé wákàtí 24, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn. Àwọn tó ti dàgbà nínú wa á rántí ìgbà tí wọ́n ń fi ìgò bíà kọ́ wa ní ọ̀nà mìíràn, tí iye ṣíbí rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni kí ẹ dì mú.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ fún un ní ìdá mẹ́rin ife sí ààbọ̀ ife lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yàgbẹ́. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lè mu ààbọ̀ ife sí odidi ife kan. Ṣíbí ni kí ẹ fi máa fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì í, ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ẹ má sì fi ebi pa á. Bí owó bá wà, pàkẹ́ẹ̀tì ORS dára ju èyí tí a pò nílé lọ, kò sì wọ́n tó ìgò oògùn ikọ́ kan. Ẹ ra oògùn zinc mọ́ ọn: 20mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, 10mg fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ẹ lò ó pé, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá.

Èrò kan wà láàrin wa tó yẹ ká sọ sójú, pé bí ọmọ bá mu omi, á kàn tún fi yàgbẹ́ ni, kí a má fún un mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ-ọmọ ọ̀kan nínú wa ń yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì há omi mọ́ ọn nítorí èrò yìí. Ojú ọmọ jìn wọnú, ó ń sunkún láìsí omijé, nígbà tó yá, kò lè sunkún mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá-àgbà rẹ̀ sáré wá bá wa fún ẹ̀yáwó. Òfin wa ní onídùúró méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì sì gbà á wọlé. Àwọn alátà ọ̀nà ẹ̀yìn ló da owó jọ sínú ìborùn kan, tí wọ́n fi gbé ọmọ náà dé ọsibítù. Ó wà níbí lónìí, òun ló ń fa bàlúùnù yẹn káàkiri. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń dín àkàrà, dùńdú àti ẹja. Òróró gbígbóná kò mọ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá ta sí yín lára, omi tútù ni oògùn rẹ̀, omi lásán. Ẹ jẹ́ kó máa ṣàn lórí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Bí kò bá sí ẹ̀rọ omi, ẹ ya etí ọ̀rá piọ̀ wọ́tà, kí ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹni kejì máa já òmíràn. Ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà kíá, kó tó wú. Ẹ má fi áìsì sí i. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, epo, adín tàbí ẹyin tútù sí i. Ẹyin tó ti wọ́n báyìí, ẹ dín in jẹ o jàre! Ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ ọn wọ̀nyẹn á dí ooru mọ́ inú ẹran ara, wọ́n á sì kó ìdọ̀tí wọ ojú ọgbẹ́. Tí omi bá ti tù ú, ẹ fi náílọ́ọ̀nù tó mọ́ tónítóní bo orí rẹ̀, ẹ má bẹ́ ibi tó lé ròrò. Bó bá jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí abẹ́ ni, tàbí tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jóná lọ, tàbí tó jẹ́ ọmọdé, ọsibítù ni.

Ti ikọ́ kò gùn. Oyin ṣíbí tíì kan lálẹ́ ń dín ikọ́ kù, omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní iyọ̀ díẹ̀ tí a fi fọ ọ̀nà ọ̀fun náà ń ṣe é ní oore. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá. Ohun kan lè wà nínú rẹ̀ tó máa ń di májèlé nínú ìfun ọmọ ìkókó. Ẹ sì rí i pé oyin ni, kì í ṣe ṣúgà tí wọ́n yan. (Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ má wò wá bẹ́ẹ̀.) Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá ti oyin. Ẹ lọ yẹ itọ́ wò nítorí ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

Ara ríro ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa la jọ ni í. Aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná tí a fún dáadáa, kí a gbé e lé ẹ̀yìn, ń tù ú. Àpótí ìjókòó tó bá ga díẹ̀ tún ju ìyẹn lọ. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni àwọn oògùn ara ríro alápòpọ̀ tí wọ́n ń kiri nínú ọjà, tí àwọn kan nínú wa ń lò lójoojúmọ́ bí ẹni jẹ gúgúrú. Ó máa ń dá egbò sí inú ikùn, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tí orí ń fọ́ ní gbogbo ìgbà, kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ohun tí ẹ̀rọ ń kọ bá ń tó 140/90 léraléra, kó lọ rí dókítà. Aáyù dára nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò oògùn tí dókítà bá kọ fún wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ méjì tó kù yìí. Àkọ́kọ́ ni ìtọ̀ màlúù tí wọ́n ń pò pọ̀ mọ́ ewé tábà àti àlùbọ́sà fún ọmọ tó ní gìrì. Láti nǹkan bí ọdún 1975 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ̀wé lórí oró tó wà nínú rẹ̀. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń mú kí èémí rẹ̀wẹ̀sì. Ọmọ tó yẹ kí gìrì rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀ ni yóò wá sùn lọ. Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ má ki ṣíbí tàbí ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ọsibítù.

Èkejì ni káńfọ̀ tí a ń jù sáàárín aṣọ ọmọ titun kí aáyán má baà jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ kan wà, pàápàá ọmọkùnrin, tí a bí tí ohun tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́ nínú ara, ibà pọ́njú á sì mú un. Ibà pọ́njú tó bá le lè wọ ọpọlọ. Òmíràn kò ní kú, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ràn, kò ní lè gbé ọrùn dúró. Gbígbé ọmọ sínú oòrùn àárọ̀ àti fífún un ní omi glucose kò tó fún un. Iná pàtàkì kan wà ní ọsibítù tí wọ́n ń tàn sí i. Ojú ọmọ tó bá ti ń pọ́n, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń ta káńfọ̀. A kò ní kí ẹ má tà á, ṣùgbọ́n bí olóyún tàbí ìyá ìkókó bá wá rà á, ẹ sọ fún un.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Ìgbìmọ̀ fẹ́ kí ìpàdé gbogboogbò òní dìbò lórí àbá kan, pé kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú èrè ọdún yìí fún ẹ̀yáwó pàjáwìrì, tí ẹni méjì nínú àwọn olóyè lè fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀, láì dúró de ìpàdé, láìsí èlé fún oṣù méjì. Àwọn kan ti sọ pé wọ́n á máa fi purọ́ gba owó. Ó ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí wọ́n mú káàdì ọsibítù wá láàrin ọjọ́ mẹ́ta. A tún dábàá kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti èyí tí a fi ń wọn ibà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa wà ní ọ́fíìsì, pẹ̀lú pàkẹ́ẹ̀tì ORS tí a ó máa tà fún ọmọ ẹgbẹ́ ní iye tí a rà á.

Ìwé àbá náà wà lórí tábìlì Akápò. Ẹni tí kò bá lè kọ̀wé lè tẹ̀ka. Bí ẹ bá ní àtúnṣe, ẹ sọ ọ́ kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀.