Ọkà bàbà àti jéró nínú ilé olówùú

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mo bá wá lónìí.

Owó òwú kì í wọlé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù, àká ń ṣófo. Ilé tó fi gbogbo ilẹ̀ gbin òwú á wá máa ra ọkà lọ́jà nígbà tó wọ́n jù. Ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún ọkà. Ibi tí òwú wà lésìí ló dára jù, torí ọkà á jẹ àṣẹ́kù ajílẹ̀ tí ẹ fún òwú.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2023 sọ́tọ̀ fún jéró, ọkà bàbà àti àwọn ẹbí wọn. Wọ́n ní èròjà irin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá sára ju ìrẹsì funfun lọ dáadáa. Aboyún nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èròjà yìí ń bá eèrí lọ, nítorí náà ẹ má sẹ́ ẹ jù. Ẹ rẹ ọkà títí yóò fi kan díẹ̀, ara á lè gbà á dáadáa. Ẹ fi ẹ̀pà tàbí sójà yíyan lílọ̀ sínú ògì ọmọ. Poroporo ọkà bàbà pàápàá wúlò: òun ló ń sọ wàrà di pupa. Ní ti ọtí, n kò bá ẹ̀yin ìyá jà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọn ti àwọn ọmọ sọ́tọ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí: ẹ má ṣe fi oògùn òwú sí ọkà, bó ti wù kó kéré tó. Ní ìgbà òwú 1999 sí 2000, endosulfan pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Borgou, àwọn mìíràn nínú wọn torí pé wọ́n jẹ oúnjẹ tí oògùn kàn. Ike oògùn kò ṣeé kó ọkà sí, kódà bí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ẹ sá ọkà títí yóò fi dún kàká lẹ́nu eyín. Ẹ kó o sínú àpò tó ní ọ̀rá méjì nínú, ẹ so ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan le. Kòkòrò inú rẹ̀ á kú nítorí pé kò rí afẹ́fẹ́. Ẹ gbé e sórí pákó, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń so ó, kó dúró lẹ́yìn ìpàdé. Àpò kan wà lọ́wọ́ mi.