Ọkọ̀ Tí A Gbé Síta: Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Ẹ̀yà Ara Rẹ̀

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀, àwọn kan sì ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ló pa ẹlẹ́lùbọ́ pọ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kàn mí o. Èmi ni mò ń kọ orúkọ ẹni tó yá owó sínú ìwé, mo sì mọ iye àwọn tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni wọ́n fi owó ẹgbẹ́ rà. Bí Sienna tó ń kó gàárì wa láti oko bá dúró ọjọ́ mẹ́ta nítorí bátìrì tí wọ́n yọ lóru, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló dúró. Ọjà dúró, àjọ dúró, owó ẹgbẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn kò wọlé, onídùúró á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún mi lójú ọ̀nà.

Olè tó fẹ́ gbé odindi ọkọ̀ ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Ọlọ́pàá wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, wọ́n wà lójú ọ̀nà Òṣogbo, wọ́n á béèrè ìwé. Ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè ìwé sáìdì mírọ̀? Sikirudíráifà kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Ó lè yọ mírọ̀, iná iwájú, iná ẹ̀yìn, wíìlì kọ́fà, àti ẹ́sítírà táyà tó wà lẹ́yìn Prado tàbí èyí tó so sábẹ́ Sienna. Bó bá rí bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí, ó di bátìrì àti brain box.

Ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà. Dọ́là kan tó wà ní bíi náírà 460 ní báńkì ti kọjá 1,500 nígbà tó fi di ọdún 2024. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ wa, owó wọn sì bá dọ́là gòkè. Ohun tí a máa ń kà sí nǹkan kékeré tẹ́lẹ̀ ti di owó gidi lójú olè.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni. Lára páìpù èéfín, lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń ri catalytic converter lọ ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, nítorí irin olówó iyebíye bíi platinum àti palladium tó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti mú àwọn kan ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì fẹ́ gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù 545 dọ́là lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń rà á wà lára àwọn tí wọ́n mú. Ní England, láti ìgbà òfin ọdún 2013, oníṣòwò irin àlòkù kò gbọdọ̀ ka owó sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́, báńkì ni owó gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ẹnu ọ̀nà ọjà ni wọ́n lọ dúró sí. Ó dára púpọ̀ lójú tèmi, àwa tí a wà lọ́jà ló sì yẹ kó tètè yé.

Ọ̀kan nínú wa lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́dún tó kọjá. Kó tó jẹun tán, mírọ̀ méjèèjì ti lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kan mú mírọ̀ wá bá a pé òun ní èyí tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí ibi tí ọmọ rẹ̀ ti fi òkúta ha á. Mírọ̀ tirẹ̀ gan-an! Ó sanwó, ó gbà á. Nígbà tó sọ ọ́ ní ìpàdé, àwa bíi mélòó kan yìn ín pé ó ti din ìnáwó kù, àwọn mìíràn ní kò yẹ kó rà á. N kò ní dá a lẹ́bi, iṣẹ́ ló fẹ́ padà sí. Ṣùgbọ́n owó tó san ni owó iṣẹ́ olè náà, a sì mọ̀ pé ó tún yọ ti ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí n tún fi òfin kún un: nínú Criminal Code tí a ń lò ní gúúsù ilẹ̀ wa, abala 427 sọ pé ẹni tó bá gba ohun tí wọ́n jí, tó sì mọ̀ pé wọ́n jí i, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura. Ẹ̀wọ̀n nítorí mírọ̀! Àwọn olùtajà gidi wà ní Gate ní Ìbàdàn àti ní Ládípọ̀ ní Mushin, ọ̀pọ̀ wọn á kọ rìsíìtì fún yín. Ẹ gbà á, kí ẹ fi í pamọ́.

Ẹ tún fetí sílẹ̀ lórí ìnṣọ́ráǹsì. Third party tí gbogbo wa ń san, tó di 15,000 fún ọkọ̀ àdáni ní oṣù kìíní ọdún 2023, kò san owó ẹ̀yà ara tí olè yọ. Ohun tí ẹ bá fi ọkọ̀ yín bàjẹ́ fún ẹlòmíràn ni ó ń bójú tó. Àwọn kan ti fi ọkàn balẹ̀ sórí rẹ̀ lásán.

Mo lọ bá rewáyà kan àti panẹ́bítà kan kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi kan náà ni: kí a fín nọ́mbà ọkọ̀ sára gbogbo gíláàsì, mírọ̀ àti iná. Mírọ̀ tó ní nọ́mbà ọkọ̀ yín lára kò rọrùn láti tà, nítorí ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ yí gíláàsì rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, kí wẹ́dà ṣe àpótí irin bo bátìrì, kó fi àgádágodo sí i. Ẹ so ẹ́sítírà táyà pẹ̀lú ṣéènì. Wíìlì tó dára nílò nọ́ọ̀tì tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Ibi tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí náà ṣe pàtàkì. Ẹ fi imú rẹ̀ sún mọ́ ògiri kí ọwọ́ má baà dé bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì pa mírọ̀ tó ṣeé pa dé. Iná sólà tó ń tàn fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá kọjá dára lójúlé. Níbi ìnáwó, ẹ wá ọmọ tí yóò jókòó síta, kí ẹ fún un ní oúnjẹ tó dára kí ó má bàa wọlé wá jó.

Bí nọ́mbà ọkọ̀ bá sọnù, ẹ sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ẹni tó mú un lọ lè fi ṣe ohun tí wọ́n á fi wá ẹ wálé. Bí ẹ bá rí olè tó ń tú ọkọ̀, ẹ pariwo, kí ẹ mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó táyà sí i lọ́rùn. Ẹ má sì ṣe fi ẹ̀sùn kan ọmọ iṣẹ́ mẹ́káníìkì láìrí i. Mo mọ ọ̀kan tí wọ́n lù nítorí bátìrì tí ẹlòmíràn yọ.

Ìgbìmọ̀ ti gbà pé kí ẹni tó ń fín nọ́mbà wá bá wa ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, iye tó máa gbà yóò dínkù bí a bá pọ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi lónìí, kí ó sì mú ìwé ọkọ̀ dání wá lọ́jọ́ náà, nítorí a ti sọ fún un pé kó má fín nọ́mbà sára ọkọ̀ tí kò bá rí ìwé rẹ̀.