Bí Orúkọ Bá Yí Padà, Ta Ló Gbọ́ Ìkéde?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ ò lè wá.)

 

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ méjì tí ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò owó ẹgbẹ́ ò ṣiṣẹ́, táwọn kan ń sọ lórí WhatsApp pé wọ́n ti kówó jẹ. Ẹnikẹ́ni ò kówó jẹ. Èmi ni mo kọ ètò yẹn, ẹ̀bi mi ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Python ni mo fi kọ ọ́. Èdè kọ̀ǹpútà yìí ní àkójọ irinṣẹ́ tó ń bá a wá, tí ẹni tó ń kọ ètò kàn máa ń pè lórúkọ. Mo pe ọ̀kan tó ń jẹ́ SafeConfigParser, òun ló ń ka fáìlì tí a kọ iye owó oṣooṣù sí. Nígbà tí ẹgbẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun, Python 3.12 ló wà lórí ẹ̀. Ètò wa pe orúkọ yẹn, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Irinṣẹ́ náà ò sọnù o. Tẹ́lẹ̀, méjì yìí wà nínú wọn: ConfigParser tó ti pẹ́, àti SafeConfigParser tó dára jù ú lọ. Nígbà tí Python 3.2 jáde ní 2011, wọ́n gbé orúkọ ConfigParser fún èyí tó dára, wọ́n sì kéde pé ká má pe SafeConfigParser mọ́. Ọdún 2023 ni wọ́n tó yọ orúkọ àtijọ́ náà kúrò. Ọdún méjìlá gbáko ni wọ́n fi kìlọ̀! Ìwé àtijọ́ ni mo ń wò kọ tèmi.

Ẹ̀yin àgbà mọ irú èyí. Ní 1973, ìjọba fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Síbẹ̀, ìyá àgbà á dé ọjà, á ní "sílè kan", ẹni tó ń tajà á sì mọ̀ pé kọ́bọ̀ mẹ́wàá ló ń wí. Kọ̀ǹpútà ò ní irú làákàyè yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ orúkọ àtijọ́, ó parí nìyẹn.

Ìkìlọ̀ yìí kì í sì pariwo. Python máa ń fi ọ̀pọ̀ ẹ̀ pamọ́, kó má baà dààmú ẹni tó kàn fẹ́ lo ètò. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ló máa bi í: ẹ kọ python -W default síwájú orúkọ fáìlì yín, ẹ ó rí i.

Ẹ má bínú sí àwọn tó ń yọ nǹkan. Irinṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń tọ́jú ẹ̀ mọ́ lè di ihò tí olè ń gbà wọlé. Ní oṣù kẹwàá 2024, Python 3.13 yọ irinṣẹ́ 19 kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, cgi àti telnetlib wà nínú wọn. Wọ́n ti kéde ìyẹn náà ṣáájú.

Ohun tó wá dùn mí jù: ọmọbìnrin kan nílé tó ń kọ́ṣẹ́ yìí pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé orí mi ò gba nǹkan yìí." Mo ní kó fi ohun tó kọ ránṣẹ́. Mo rí import urllib2. Inú ìwé fọ́tòkọ́pì ló ti dà á kọ. Láti 2008 tí Python 3 ti jáde ni orúkọ yẹn ò ti sí nínú ẹ̀ mọ́, urllib.request ló yẹ kó pè. Python 2 gan-an, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2020 ni ìtọ́jú ẹ̀ dópin. Mo ní, "Àbúrò, orí ẹ pé. Ìwé yẹn ló ti gbó." Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló ti pa iṣẹ́ yìí tì, tí wọn ò rí ẹni pè?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún:

1. Ẹ̀yin tí ẹ mọṣẹ́ yìí, níbikíbi tí ẹ wà, ẹ jẹ́ ká jọ tún ìwé fọ́tòkọ́pì yẹn kọ, ká sì kọ nọ́ńbà Python tó wà fún sára ẹ̀.

2. Oṣù kẹwàá ọdọọdún ni Python tuntun ń jáde. Ẹ ka ojú ewé What's New, pàápàá ibi tí wọ́n kọ Deprecated àti Removed sí.

3. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo yí padà tí ètò wa fi jí: SafeConfigParser di ConfigParser, readfp di read_file. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà nítorí pé mo rìnrìn àjò, kò sì sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ ọ̀dọ́ méjì tí màá fi hàn. Ẹ kọ orúkọ yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé.

Ìlú wa á tẹ̀ síwájú o.