Àgbá tí a fi Orí Rù



Ẹni tí ó bá ti ru ẹ̀gẹ́ láti oko Ìbógùn lọ sí ọjà Ìfọ̀ mọ iṣẹ́ tí òṣùká ń ṣe fún orí. Bí ó bá wá jẹ́ àgbá ogun ni wọ́n ní kí ẹ rù ńkọ́?

Nígbà ogun Hitler, àwọn ọmọ-ogun Jámánì ní àgbá kékeré kan tí ń bá àwọn sójà tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sójú ìjà. Ọdún 1932 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 75, ó wọn nǹkan bí 400 kílò, ọta rẹ̀ sì ń lọ ju kìlómítà 3 lọ. Bí ọ̀tá bá fara pamọ́ sẹ́yìn òkè tí ìbọn ọwọ́ kò lè bá a, àgbá yìí a ju ọta sókè, ọta a sì bọ́ lé e lórí. Ẹṣin ní ń fà á. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ kan fún orí òkè, tí a lè tú palẹ̀ kí ìbaaka rù ú.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà ti lo àgbá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú, nígbà tí wọ́n bá àwọn Jámánì jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 sí 1916. Irù, eṣinṣin tí ń pa ẹṣin, pọ̀ nínú igbó, ọ̀nà kò sì sí. Nítorí náà, orí ènìyàn ni àgbá gùn. Àwọn kan ru ọ̀pá rẹ̀, àwọn kan ru ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àwọn mìíràn ru ọta. Bí wọ́n bá dé ojú ìjà, a ó tò ó pọ̀ padà.

Ní 1944, ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, àwọn aláàárù láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tún fi orí ru ẹrù ogun. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìbọn lọ́wọ́.

Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi léèrè pé, “Ta ni ó ṣẹ́gun, ẹni tí ó yin àgbá ni, tàbí ẹni tí ó rù ú?” Ọmọ kan dáhùn pé, “Tíṣà, bí ẹni tí ó rù ú kò bá dé, kí ni wọn ó yìn?”

Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín bóyá ẹnì kan nínú ẹbí lọ. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.